Ọ̀rọ̀ Tí Kò Sí Lára Àwọn Àwòrán

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ilé tó dákẹ́ rọ́rọ́ ni ilé ìsinmi, ẹ ní kó wá bá mi. Ilé Muriel Ormerod ní ìlú Colne, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé bí fíríìjì bá kùn díẹ̀ ní kíṣìnnì, obìnrin náà á yíjú bí ẹni pé wọ́n pe òun. Cliff ọkọ rẹ̀ ti kú láti ìgbà òtútù èṣí. Wọn ò bímọ. Àbúrò ọkọ rẹ̀ kan wà ní Kánádà tó máa ń fi káàdì Kérésìmesì ránṣẹ́, ibi tí ìbátan mọ nìyẹn. Muriel fúnra rẹ̀ ti lo ọjọ́ ayé rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù bàtà àwọn ọmọdé, ó ń kúnlẹ̀, ó ń wọn ẹsẹ̀, títí ṣọ́ọ̀bù náà fi kógbá wọlé tí òun náà sì wábi jókòó sí.

Ní ọjọ́ Ajé kan, ó wọ bọ́ọ̀sì lọ ra búrẹ́dì. Ará ìlú yẹn kì í sọ̀ kalẹ̀ láìdúpẹ́ lọ́wọ́ awakọ̀, ìyá tó bá gbàgbé á fẹ́rẹ̀ẹ́ padà wá. Muriel la ẹnu láti dúpẹ́, ohùn kò jáde. Ó wúkọ́, ó tún un gbìyànjú, ohùn tó wá jáde há bíi ti àkùkọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ. Ó dúró létí títì, òjò ń pa á, ó ń bi ara rẹ̀ pé ta ni òun bá sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Ó ronú padà sẹ́yìn títí ó fi dé Ọjọ́bọ̀. Ẹni tó bá a sọ̀rọ̀ ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀hún kì í tilẹ̀ ṣe ènìyàn, ẹ̀rọ ni, ẹ̀rọ ilé ìfowópamọ́ tó ní kó tẹ ení tàbí kó tẹ èjì.

Ọjọ́ yẹn gan-an ló rí ìkéde kan lára ògiri ilé ìkàwé. Wọ́n ń wá àwọn tó lè yọ̀ǹda ara wọn láti máa kọ́ àwọn àlejò ìlú ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Wọn ò béèrè ìwé ẹ̀rí. Wọ́n á kọ́ ènìyàn bí wọ́n ṣe ń kọ́ni, ní gbogbo Sátidé, ní gbọ̀ngàn ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì. Ẹni tó bá sì yege, wọ́n á fún un ní kíláàsì tirẹ̀. Kíláàsì tirẹ̀! Àwọn ènìyàn tí wọ́n á jókòó máa retí rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí wọ́n á béèrè pé kí ló dé bó bá pẹ́ dé. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n purọ́ fún yín, kì í ṣe ìfẹ́ àlejò ló gbé Muriel débẹ̀. Ó fẹ́ kí ẹnìkan máa retí òun ni. Bí kò bá rí kíláàsì yẹn gbà, kò mọ ohun tó tún kù tí òun máa fi ẹnu òun ṣe.

Sátidé àkọ́kọ́ pé. Wọ́n jókòó yí ká nínú gbọ̀ngàn tó ń rùn fún tíì àti kóòtù tó tutù. Howard Pickles wà níbẹ̀, ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Lorna Haworth náà wà níbẹ̀, obìnrin rọ̀bọ̀tọ̀ tó mọ kéèkì í ṣe, tó ń bá gbogbo ènìyàn ṣe bí ẹni pé abẹ́ òrùlé kan ni wọ́n ti jọ dàgbà. Àwọn méjì mìíràn wà, ṣùgbọ́n wọn ò pẹ́ tí wọ́n fi sá lọ, nítorí náà ẹ jẹ́ ká yọwọ́ ọ̀rọ̀ wọn.

Obìnrin tó fẹ́ kọ́ wọn wọlé. Bożena Wilk ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Poland, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ó sì ti pẹ́ ní Colne ju ọ̀pọ̀ nínú bọ́ọ̀sì ìlú náà lọ. Ó bọ́ kóòtù, ó rẹ́rìn-ín sí wọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn sọ èdè Poland. Wọ́n rò pé eré ni. Kì í ṣe eré. Obìnrin náà kò sọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo.

"Ẹ̀yin ará," Howard ní, "ṣé kì í ṣe pé a ṣìlé báyìí?"

Bożena fi ìka lé ètè. Ó lẹ àwọn àwòrán mọ́ pátákó, ọkùnrin, obìnrin, ọmọ, ìyá arúgbó, ó ń pe orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fọwọ́ júwe pé kí wọ́n wí i tẹ̀ lé òun. Wọ́n á kọ́kọ́ jọ wí i pọ̀, kó tó wá kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ahọ́n Lorna lọ́ mọ́ra. Howard làágùn, ọkùnrin tó ti mú ìgárá ọlọ́ṣà rí, kò lè pe "ìyá" tán kó má kọsẹ̀. Nígbà tó yá, Bożena nawọ́ sí àwòrán ilé kan, ó sì ń bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè kan náà. Ó hàn gbangba ohun tó ń béèrè: ta ni o ń bá gbé? Howard ní ìyàwó òun ni. Lorna ní ọkọ òun àti ìyá òun ni, gbogbo wọn sì pàtẹ́wọ́ fún un. Ó kan Muriel.

Muriel wo àwọn àwòrán náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ọkọ. Aya. Ọmọkùnrin. Ọmọbìnrin. Ìyá. Bàbá. Ó tún wò wọ́n láti ìsàlẹ̀ padà sókè. Tirẹ̀ kò sí níbẹ̀. Kò sì lè sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, nítorí wọ́n ti fi yé wọn pé Gẹ̀ẹ́sì di èèwọ̀. Bożena dúró, ó ń wò ó, gbogbo ojú wà lára rẹ̀. Ará Colne lè fara da òjò, ó lè fara da ọbẹ̀ tí kò ní ata, ṣùgbọ́n kí òun nìkan dá gbogbo ìjókòó dúró, kí ilẹ̀ kúkú lanu gbé e mì. Muriel mú èyí tó sún mọ́ ọn jù.

"Mieszkam z mężem," ó ní. Mo ń gbé pẹ̀lú ọkọ mi.

Bożena pàtẹ́wọ́. Howard ní ohùn rẹ̀ dára ju ti òun lọ. Ohun tí Muriel kò retí wá ṣẹlẹ̀ sí i: ara rẹ̀ móoru. Ó ti pẹ́ tó ti sọ gbólóhùn yẹn kẹ́yìn, ní èdè yòówù tó lè jẹ́, ó sì dùn ún dé eegun. Inú rẹ̀ dùn, ojú sì tì í, méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Nígbà tí ẹ̀kọ́ parí ni Bożena tó padà sí Gẹ̀ẹ́sì. "Ṣé ẹ ti rí bó ṣe ń rí lára?" ó ní. "Kí èèyàn mọ ohun tó fẹ́ sọ, kó má rí ọ̀rọ̀ tó máa fi sọ ọ́. Bó ṣe ń rí lára àwọn tí ẹ fẹ́ kọ́ nìyẹn, lójoojúmọ́ ayé. Ẹ má gbàgbé ẹ̀."

Wọ́n wá ń mu tíì. Lorna sún àga mọ́ Muriel.

"Ọ̀rẹ́ mi, kí lorúkọ ọkọ ẹ?"

Ẹ wò ó, ibí yìí ló yẹ kó ti tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ní ìlú yẹn, wọn kì í gbé òkú sórí tábìlì tíì. Bí o bá ní ọkọ rẹ ti kú, gbogbo ife á dúró ní agbedeméjì tábìlì àti ẹnu, Lorna á fọwọ́ bo ẹnu, wọ́n á máa bẹ̀ ọ́ pé àwọn ò mọ̀, ìwọ tí ọkọ kú fún ni yóò wá máa rẹ̀ wọ́n lẹ́kún pé kò sí wàhálà. Muriel ti ṣe ìyẹn títí ó ti sú u. Kò fẹ́ ba tíì jẹ́ mọ́ ẹnikẹ́ni lẹ́nu.

"Cliff ni," ó ní.

"Kí ni Cliff ń ṣe lónìí tí kò sin ẹ́ wá?"

"Ó wà nílé. Kì í fi bẹ́ẹ̀ jáde."

Ká sòótọ́, ìyẹn kì í ṣe irọ́. Eérú Cliff wà nínú ìkòkò kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago ní yàrá ìgbàlejò, nítorí wọ́n sun ún bí wọ́n ṣe ń ṣe níbẹ̀, wọ́n sì kó eérú rẹ̀ fún ìyàwó, ìyàwó kò sì tíì mọ ibi tó máa dà á sí.

"Àwọn ọkùnrin!" Lorna ní. Ó gé kéèkì tó ti ilé gbé wá, ó wé e sínú bébà dídán. "Méjì nìyí. Ọ̀kan tìẹ, ọ̀kan ti Cliff. Má jẹ ti Cliff o!"

Muriel délé, ó gbé abọ́ kékeré méjì sórí tábìlì, ó fi kéèkì kọ̀ọ̀kan sí wọn. "Obìnrin kan tó ń jẹ́ Lorna ló ṣe é," ó sọ fún ìkòkò náà. Aago ń lọ. Ó jẹ tirẹ̀, ó dúró díẹ̀, ó sì wá jẹ ti Cliff náà, torí kéèkì kì í ṣe ohun tí wọ́n ń jẹ́ kó gbẹ.

Báyìí ló ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní gbogbo Sátidé, Cliff á jí dìde. Lorna á béèrè bóyá ó fẹ́ràn atalẹ̀ nínú kéèkì, Muriel á ní ó fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Howard á béèrè bóyá ó máa ń wo bọ́ọ̀lù, á ní ó máa ń wò ó, ó máa ń sùn sídìí rẹ̀ ni. Nígbà tí wọ́n ní kó mú un wá kí àwọn rí i, ó ní orúnkún ń dà á láàmú, orúnkún Cliff sì di ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan láti ọjọ́ náà. Ó mọ̀ pé kò dára. Ẹnu rẹ̀ á ṣe bí ẹni pé òun fẹ́ sọ ọ́, Lorna á tún já a gbà pẹ̀lú ìbéèrè mìíràn, inú Muriel á sì dùn láti dáhùn. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe ìsìnkú ọkùnrin yẹn, kò sẹ́ni tó béèrè ohunkóhun nípa rẹ̀ mọ́.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Ti Muriel kò tilẹ̀ rìn jìnnà kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ìró ẹsẹ̀ òtítọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ ń lọ ní tiwọn. "Ẹ máa dákẹ́," ni Bożena máa ń wí ṣáá. "Tíṣà tó bá ń sọ̀rọ̀ jù, ó ń jí ọ̀rọ̀ lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́ ni. Ẹ béèrè, kí ẹ dúró. Bó bá pẹ́, ẹ tún dúró sí i. Ẹ má bá ẹnikẹ́ni parí ọ̀rọ̀ ẹ̀ o. Ẹ sì jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ jọ wí i pọ̀, torí ẹni tó ń tijú, ó máa ń rí ibi fi ohùn ẹ̀ pamọ́ sí láàárín ohùn àwọn tó kù."

Howard kò lè dákẹ́. Bó bá béèrè ìbéèrè, òun náà ló máa dáhùn rẹ̀.

"Howard," Bożena á ní, "ẹ̀yin ti gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tẹ́lẹ̀ o."

"Ohun tí ìyàwó mi ń sọ nìyẹn," Howard á ní.

Ṣùgbọ́n Muriel mọ ìdúró. Ó lè béèrè ọ̀rọ̀ kó sì jókòó jẹ́ẹ́ níwájú ẹni tí ó bi, láìsí ìkánjú, láìwo aago. "Ẹ ní sùúrù o," Bożena sọ fún un. "Ibo lẹ ti kọ́ ọ?" Muriel rẹ́rìn-ín. Kí ló tún ń ṣe nílé bí kò ṣe ìdúró?

Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n parí, Bożena gbé ọ̀rọ̀ ńlá kalẹ̀. "Sátidé tó ń bọ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gidi ń bọ̀. Ẹnì kọ̀ọ̀kan yín á kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ kékeré kan, èmi á jókòó sẹ́yìn, màá máa wò yín. Ibẹ̀ ni mo ti máa mọ ẹni tó máa gba kíláàsì. Ẹ má kúrò lórí ètò ẹ̀kọ́ tí a bá jọ ṣe, ẹ má ki ọ̀rọ̀ tuntun bọ̀ ọ́ ní ìparí, ó máa ń da orí wọn rú. Ìgbésí ayé tiyín gan-an sì ni kí ẹ fi kọ́ wọn. Ẹ mú fọ́tò wá látilé. Àwọn èèyàn yìí ti pàdé èké tó lójú ọ̀nà kí wọ́n tó débí, ẹ má fi tiyín kún un."

Ó pín iṣẹ́. Howard gba ríra ẹ̀fọ́ lọ́jà. Lorna gba aago àti àsìkò. Ó kan Muriel, Bożena wo ìwé ọwọ́ rẹ̀: "Ẹ̀yin, 'Ta ni o ń bá gbé.' Ẹ ti mọ èyí, òun la fi bẹ̀rẹ̀."

Nídìí tíì, Muriel fa Howard lápá.

"Howard, jọ̀ọ́, jẹ́ ká ṣe pàṣípààrọ̀. Mo fẹ́ràn ẹ̀fọ́."

"Ó ti bọ́! Mo ti ra kábéèjì mi, ó wà nínú ọkọ̀. Muriel, tìẹ ló rọrùn jù! Gbé fọ́tò Cliff kọ́, kí o lọ jókòó, ó parí."

"A máa wá rí ojú Cliff nígbẹ̀yìn gbẹ́yín," Lorna ní, inú rẹ̀ ń dùn. "Ó dáa bẹ́ẹ̀, mo ti ń rò ó pé ò ń fi pamọ́ fún wa ni."

Ẹ̀rù ba Muriel ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, ẹ̀rù gidi. Bó bá jẹ́wọ́, ta ló máa gbé kíláàsì lé ìyá àgbà tó ń gbé ọkọ tó ti kú kiri lọ́wọ́? Wọ́n á ní orí rẹ̀ ti ń dàrú. Bí kò bá jẹ́wọ́, yóò dúró níwájú àwọn tó ti pàdé èké tó, yóò sì fi fọ́tò pa èké fún wọn. Ó gbé fóònù láti pe Bożena, ó gbé e sílẹ̀. Ó tún gbé e, ó tún gbé e sílẹ̀. Èrò kan wá wá sí i lọ́kàn bó ṣe ń gun àtẹ̀gùn: kó ṣá kọ́kọ́ gba kíláàsì náà, bí oṣù díẹ̀ bá ti kọjá, kó wá sọ fún wọn nígbà náà pé Cliff kú. Kó kú lẹ́ẹ̀kejì. Ó gbọ́ ohun tí òun ń rò, ó sì jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó sunkún bí kò ṣe sunkún ní ọjọ́ ìsìnkú.

Síbẹ̀, nígbà tí Sátidé pé, ó yọ fọ́tò kan kúrò nínú férémù. Etí òkun Blackpool ni wọ́n ti yà á, Cliff mú áísìkirimù lọ́wọ́, atẹ́gùn ti gbé gbogbo irun rẹ̀ sápá kan. Ó fi sínú báàgì. Kó tó jáde, ó gbé abọ́ kékeré méjì sórí tábìlì de kéèkì, bó ṣe máa ń ṣe.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti jókòó. Nasrin wà níwájú, ọmọbìnrin Afghanistan kan tó ń tètè sọ̀rọ̀, ìyá rẹ̀ jókòó tì í. Yonas tó wá láti Eritrea jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ga débi pé orúnkún rẹ̀ kò gba abẹ́ tábìlì. Bàbá àgbà kan láti Síríà sì wà lápá ọ̀tún, Ghazwan ni orúkọ rẹ̀. Muriel kò lè ṣe kó má wo ẹsẹ̀ ènìyàn, iṣẹ́ tó ti mọ́ ọn lára ni, ó sì rí i pé bàtà bàbá náà ti gbó, ṣùgbọ́n ó ń dán yìnrìn. Irú dídán bẹ́ẹ̀, ẹni tí kò ní ohun mìíràn láti ṣe láàárọ̀ Sátidé ló ń dán bàtà bẹ́ẹ̀.

Howard ṣe tirẹ̀, ó ta kábéèjì, ó rà á padà lọ́wọ́ ara rẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Lorna ṣe tirẹ̀. Muriel bọ́ síwájú. Bożena, Howard àti Lorna wà lẹ́yìn lórí ìjókòó, Lorna na ọrùn kó lè rí fọ́tò dáadáa.

Muriel kọ àwọn ọ̀rọ̀ sára pátákó bí ètò ṣe wí: ọkọ, aya, ọmọkùnrin, ọmọbìnrin, ìyá, bàbá. Ó lẹ fọ́tò Cliff mọ́ ọn.

"Mo ń gbé pẹ̀lú ọkọ mi," ó ní.

"Ẹ̀ẹ́n, arẹwà ni!" Lorna sọ lẹ́yìn, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ tó dé gbogbo ilé.

Wọ́n jọ wí i pọ̀. Ó wá kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Nasrin ní òun ń gbé pẹ̀lú ìyá òun. Ìyá rẹ̀ ní òun ń gbé pẹ̀lú ọmọbìnrin òun, ó sì wo ọmọ náà bóyá òun wí i dáadáa. Yonas wo pátákó, ó wo àjà.

"Mo ń gbé pẹ̀lú... ọkùnrin mẹ́rin," ó ní.

Ahọ́n Muriel ń yún un láti fi "ọ̀rẹ́" lé e lọ́wọ́. Ó rántí, ó dúró.

"Ọ̀rẹ́ kọ́, tíṣà," Yonas ní. "Ọkùnrin lásán." Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, Yonas náà rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Ọ̀gbẹ́ni Ghazwan ńkọ́?" Muriel ní. "Ta ni ẹ ń bá gbé?"

Bàbá náà gbé ojú sí pátákó. Ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ètè rẹ̀ ń mì. Ó dé ìdí, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ padà sókè, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ sínú gbogbo àpò rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wo àwọn tó jókòó, ó rí i pé òun ni wọ́n ń dúró dè.

"Mo ń gbé pẹ̀lú ìyàwó mi," ó ní wàràwàrà.

Nasrin yíjú sí i, ẹnu rẹ̀ là. Ìyá rẹ̀ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ lórúnkún, ọmọ náà pa ẹnu dé, ó sì tẹjú mọ́lẹ̀.

Ètò ẹ̀kọ́ wí pé kí Muriel sọ pé ó dára gan-an, kó pàtẹ́wọ́, kó dúpẹ́, kó lọ jókòó. Ó ti gbé ọwọ́ méjèèjì sókè láti pàtẹ́wọ́. Bożena náà ti gbé tirẹ̀ sókè lẹ́yìn. Kíláàsì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sí i lọ́wọ́, ó ku díẹ̀ kíún. Ṣùgbọ́n ó ti rí ìwò yẹn. Kò sẹ́ni tó lè sọ fún un pé kò rí i, torí òun náà ti wo àwòrán láti òkè dé ìsàlẹ̀ nínú gbọ̀ngàn yìí kan náà. Ó sọ ọwọ́ kalẹ̀. Ó dúró. Òjò ń lu fèrèsé, Lorna wúkọ́, Howard mú bísíkíìtì lọ́wọ́ kò lè gé e jẹ.

Muriel yí padà sí pátákó. Lábẹ́ "bàbá", ó kọ ọ̀rọ̀ kan sí i: nìkan. Ó ṣí fọ́tò Cliff kúrò, ó mú un dání mọ́ àyà.

"Ọkọ mi ti kú," ó ní, díẹ̀díẹ̀, bí wọ́n ṣe kọ́ wọn láti máa sọ̀rọ̀. "Mo ń dá nìkan gbé."

Kò wo ẹ̀yìn. Bó bá wo ojú Lorna, kò ní lè parí rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè kí wọ́n jọ wí i pọ̀, bí Bożena ṣe kọ́ wọn, kí ẹni tó ń tijú lè rí ibi fi ohùn rẹ̀ pamọ́ sí.

"Mo ń dá nìkan gbé," gbogbo wọn wí. Nasrin wí i, ìyá tó ń bá a gbé wí i, Yonas wí i. Ohùn bàbá àgbà náà wà láàárín wọn níbì kan. Ohùn obìnrin kan dún láti ẹ̀yìn pẹ̀lú, ó ní ahọ́n Poland, kò sì sẹ́ni tó ní kó wí i.

Ó wá kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan Yonas, ó ní, "Mo ń gbé pẹ̀lú ọkùnrin mẹ́rin. Mo ń dá nìkan gbé." Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Ó kan Ghazwan. Muriel dúró dè é, ì bá dúró di alẹ́.

"Ìyàwó mi," bàbá náà ní. Ó ń wá èyí tó kù, ó sì rí i níbi tí Muriel gbé e sí. "Ìyàwó mi ti kú. Mo ń dá nìkan gbé." Ó mí kanlẹ̀. Ó wo Muriel lójú, ó mi orí fún un, ó sì tún un wí láìsí ẹni tó béèrè, bí ẹni tó ń wọ bàtà wò bóyá ó bá òun mu.

"Ó dára gan-an," Muriel ní. Ohùn rẹ̀ tún há bíi ti ọjọ́ inú bọ́ọ̀sì.

Nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ tán, Lorna wá bá a nídìí omi gbígbóná. Ojú rẹ̀ pọ́n.

"Ta ló wá ń jẹ kéèkì yẹn?"

"Èmi ni."

"Ti Cliff náà?"

"Èmi náà ni."

"Mo fi atalẹ̀ sí i torí ẹ̀!"

"Lorna, jọ̀ọ́, má bínú. Kò fẹ́ràn atalẹ̀ rárá nígbà tó wà láyé."

"Mo ń gbàdúrà fún orúnkún ẹ̀, Muriel," Lorna ní, ohùn rẹ̀ wó. "Lójoojúmọ́. Orúkọ ẹ̀ ni mo ń pè." Ó kó àwọn ife, ó lọ fọ̀ wọ́n, ó sì kọ ẹ̀yìn sí i. Ó dun Muriel ju èébú lọ.

Bożena ń ká àwọn àwòrán rẹ̀. "Ẹ kúrò lórí ètò ẹ̀kọ́," ó ní, láìgbójú sókè.

"Mo mọ̀."

"Ẹ ki ọ̀rọ̀ tuntun bọ̀ ọ́ ní ìparí, ohun tí mo ní kí ẹ má ṣe."

"Mo mọ̀. Mo sì purọ́ fún gbogbo yín. Màá kó ẹrù mi."

"Ẹrù wo? Kíláàsì Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn ọ̀sán, tiyín ni. Bàbá Ghazwan wà níbẹ̀. Yonas náà wà níbẹ̀." Bożena wá wò ó nígbà náà. "Ó yẹ kẹ́ ẹ ti sọ fún wa."

Muriel wo àwọn àwòrán tó wà lọ́wọ́ obìnrin náà. "Kí ni wọ́n ń pe 'nìkan' ní èdè yín?"

"Sama."

"Kí ló dé tí ẹ ò fi í sára àwọn àwòrán yìí?"

Bożena so bọ́tìnnì kóòtù rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dé ọrùn kó tó dáhùn. "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ yẹn," ó ní. "Mi ò rí àwòrán tí mo lè yà fún un. Kò sì sẹ́ni tó béèrè rí."

Lẹ́nu ọ̀nà, Lorna sáré tẹ̀ lé Muriel, ó ti bébà dídán bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó sì padà wọlé láìsọ̀rọ̀.

Muriel délé, ó dá Cliff padà sínú férémù, ó gbé e ti ìkòkò. "Wọ́n fún mi," ó sọ fún un. "Wọ́n á máa retí mi ní Ọjọ́bọ̀." Abọ́ kékeré méjì wà lórí tábìlì níbi tó fi wọ́n sí láàárọ̀. Ó tú bébà náà. Ẹyọ kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀.

Ó mú abọ́ kan, ó dá a padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Ó wá jókòó, ó sì ń jẹ kéèkì náà díẹ̀díẹ̀ kó má bàa tètè tán.